Ta ló ń ka bọ́ọ̀lù tí ọmọ yín ń jù?

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá bésíbọ́ọ̀lù níbí ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ àwọn ọmọ yìí ń kọ mí lóminú.

Láti 2007 ni Little League, àjọ tó ń ṣètò bésíbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, ti fi ìwọ̀n sí iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ lè jù sí ẹni tó fẹ́ gbá a lóòjọ́. Ọmọ ọdún 11 sí 12 kò gbọdọ̀ jù ju 85 lọ. Tó bá ti jù tó 66, dandan ni kó sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin. Òfin gidi ni. Àmọ́ ọmọ kan náà lè máa gbá fún ẹgbẹ́ mìíràn lópin ọ̀sẹ̀, kóòṣì ibẹ̀ ò sì mọ ohun tó ṣe ní Ọjọ́bọ̀. Bí òbí ò bá kà á, kò sẹ́ni tó ń kà á.

Egungun ọmọdé ò tíì gbó. Nínú ìgbọ̀nwọ́ níbẹ̀, ibi tí egungun ti ń dàgbà ṣì rọ̀, gbogbo ìgbà tó bá ju bọ́ọ̀lù ni iṣan ń fà á. Tí kò bá sinmi, á wú, á máa ro ó, nígbà míì á ya. Bẹ́ ẹ bá rí i tó ń fọwọ́ òsì jẹun lẹ́yìn ìdíje, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé kó ṣe bí ọkùnrin. Ìwádìí kan tó jáde ní 2006 fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ tó sábà máa ń jù nígbà tó ti rẹ apá wọn, ewu iṣẹ́ abẹ tiwọn fi ìlọ́po 36 ju ti àwọn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. 36!

Bàbá kan tiẹ̀ ń sọ pé iṣẹ́ abẹ Tommy John, èyí tí wọ́n fi ń tún iṣan ìgbọ̀nwọ́ tó ti ja ṣe, ló ń jẹ́ kí apá le sí i. Ẹ gbà mí o! Ẹni ọdún 31 ni Tommy John, ajùbọ́ọ̀lù tí wọ́n fi sọ iṣẹ́ abẹ náà lórúkọ, nígbà tí Dókítà Frank Jobe ṣe é fún un ní 1974, odidi 1975 ni kò sì fi gbá ìdíje kankan.

Ẹsẹ̀, ìbàdí àti ikùn ni agbára ti ń wá. Bí ìwọ̀nyí bá ti rẹ̀, apá á máa ṣiṣẹ́ tiwọn mọ́ tiẹ̀. Torí náà, kí ọmọ sáré, kó máa lóṣòó dìde, kó ṣe eré tó ń mú ẹ̀yìn èjìká le. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yára tó yẹn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìmọ̀ràn Pitch Smart, ètò tí àwọn àjọ bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣe láti dáàbò bo apá àwọn ọ̀dọ́, ni pé kí ọmọ ọdún 9 sí 12 má ju bọ́ọ̀lù fún oṣù mẹ́rin, ó kéré tán, lọ́dọọdún. Ọmọ tèmi ò ní jù láti Oṣù Kọkànlá títí Oṣù Kejì á fi parí. Kóòṣì rẹ̀ ní ipò rẹ̀ lè bọ́. Kó bọ́.