Ẹ Fi Kọ́kọ́rọ́ Benz Yín Sápò, Ẹran Là Ń Jẹ

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, níbi òkú àgbà kan tí wọ́n ṣe ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n gbé ìyán síwájú mi, ẹran ìgbẹ́ sì gorí ọbẹ̀ bí olóyè tó gorí ẹṣin. Mo ti fọwọ́, mo ti ká apá agbádá sórí èjìká, mo ti yan ibi tí màá ti kọ́kọ́ gé e. Nǹkan kan kàn dún "gbà!" lórí tábìlì. Kọ́kọ́rọ́ ni. Ẹ̀yin náà mọ irú kọ́kọ́rọ́ tí mò ń wí.

Ọkùnrin tó ni ín kò tíì jókòó. Kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ jókòó. Ó tẹ́ ẹ sáàárín àwo ìyán mi àti omi oníke, ó fà sẹ́yìn, ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi ìka kan yí i díẹ̀ báyìí, kí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ara rẹ̀ lè kọjú sí àwọn obìnrin aláṣọ ẹbí tó wà lódìkejì. Ìgbà yẹn ló tó fa àga. "Ẹ kú ìjókòó o, Dádì." Mo dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára kọ́kọ́rọ́.

Kí n má purọ́, ó wú mi lórí. Láyé àtijọ́, kí wọ́n tó mọ èèyàn láàárín ìlú, wàhálà ni. Wàá kọ́lé, wàá joyè, wàá rán ọmọ ọlọ́mọ níléèwé, wàá máa parí ìjà ilẹ̀ títí wọ́n á fi gbá ìwọ náà létí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìyẹn ti dópin. Ohun tí kò ju àtàǹpàkò lọ ti ń bá wa ṣe é. Ẹ ò rí i pé ọ̀làjú ti dé?

Mo wá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ yìí ṣe lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ta sí i, ọ̀gbẹ́ni yìí mú tíṣù, ó nu kọ́kọ́rọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ó tún un nù, kó tó wá rántí pé òun náà ní ẹnu tó yẹ ní nínù. Wọ́n pè wá sójú agbo, kọ́kọ́rọ́ ló ṣáájú. Ó gbé e kọ́ ìka, ó ń jó, kọ́kọ́rọ́ ń jó, kọ́kọ́rọ́ náà sì mọ ijó jù ú lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń lẹ igba náírà mọ́ olórin níwájú orí, ó fi tòsì gbé kọ́kọ́rọ́ sí àyà kí fọ́tò lè mú un. Onífọ́tò ní kó sún mọ́ ìyàwó olóòkú díẹ̀. Ó ní kó dúró ná, ìràwọ̀ ti kẹ̀yìn.

Ó gbé e lọ sílé ìtọ̀. Mi ò mọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ ń lọ ṣe níbẹ̀.

Àdúrà ló wá ga jù. Pásítọ̀ ní ká gbọ́wọ́ sókè, gbogbo wa gbọ́wọ́, òun gbé kọ́kọ́rọ́. "Gbogbo ilẹ̀kùn tí ọ̀tá tì mọ́ ọ, ó ti ṣí!" Ó pariwo "Àmín," ó sì tẹ bọ́tìnì. Gbogbo tábìlì wa dákẹ́, à ń retí kí ọkọ̀ dún níta. Kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wojú mi, ó ní, "Ó jìnnà díẹ̀ síbí ni, Dádì."

Mi ò tíì bínú títí di ìgbà yẹn o. Ohun tó bí mi nínú ni pé nígbà tí mo ń wo kọ́kọ́rọ́ jó lójú agbo, àwọn ọmọ tó ń palẹ̀ mọ́ ti gbé àwo mi lọ, tìyántìyán, tẹrantẹran. Àwo tirẹ̀ wà níbẹ̀ o. Ta ni yóò gbé àwo oní-Benz? Kí n sì tó wọlé pàápàá, gáàdì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti wo Corolla mi láti iwájú títí dé ẹ̀yìn, ó ní kí n lọ wá ibì kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, pé àwọn ọkọ̀ ńlá ṣì ń bọ̀. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń wa Corolla yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sùn sọ́nà rí, ní tòsí Ìgbàrà-Òkè, ẹ̀bi tèmi sì ni, èmi ni mi ò ra epo.

Mo wá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ òun àti kọ́kọ́rọ́ yìí ṣe jinlẹ̀ tó. "Àbúrò," mo ní, "ta ni Mercedes?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì náà! Òyìnbó Jámánì tó ṣe mọ́tò náà ni."

Mo gbé omi mu. Ọmọdébìnrin ni Mercedes. Emil Jellinek ni bàbá rẹ̀, oníṣòwò kan tó ń gbé ní Nice nílẹ̀ Faransé, tó ń ra mọ́tò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Daimler ní Jámánì, tó ń tà á fún àwọn olówó. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fi wọ eré ìje mọ́tò ní 1899. Nígbà tó di 1900, ó ní kí Daimler ṣe ọkọ̀ tuntun tó lágbára fóun, kí wọ́n sì fi orúkọ ọmọ òun pè é. Ọmọ náà kò ju bí ọdún mọ́kànlá lọ. Ní 1902, orúkọ náà wọ ìwé òfin. Ní 1903, bàbá fúnra rẹ̀ lọ yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Jellinek-Mercedes. Ẹ ò rí nǹkan? Bàbá Mercedes! Bí wọ́n ṣe ń pe èmi náà ní Bàbá Bọ́lá, àfi pé kò sẹ́ni tó tíì fi Bọ́lá pe mọ́tò.

Àánú sì ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí lédè Sípéènì. Ká ní ilẹ̀ wa ni wọ́n ti sọ ọkọ̀ náà lórúkọ, Àánúolúwa ni ì bá máa jẹ́. "Àánúolúwa mi wà níta." Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì nìkan ni orúkọ náà ò ti ní í ro ó.

Benz ní tirẹ̀, ọkùnrin ni, Karl Benz. Ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1886 ló forúkọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹsẹ̀ mélòó ni mọ́tò náà ní? Mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ Márúwá gan-an, àfi pé kò sẹ́ni tó ń ké "Ọjà Ọba, ó ku ẹnì kan!" Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ̀gbẹ́ni mi, ó bo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà.

Ṣùgbọ́n ìyàwó Benz ni tèmi. Bertha lorúkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó gbéra wọn níyàwó ló ti gba owó tó tọ́ sí i nílé bàbá rẹ̀, ó kó o lé àfẹ́sọ́nà lọ́wọ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà wó. Mọ́tò wá jáde, àwọn èèyàn ń wò ó bí iwin, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Ní oṣù kẹjọ 1888, Bertha kò sọ fún ọkọ, ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, sínú mọ́tò, ó kúrò ní Mannheim, ó di ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Pforzheim. Ó lé ní 100 kìlómítà, bí ẹni ti Àkúrẹ́ lọ Oǹdó tó tún padà wálé jẹun alẹ́. Kò sí ilé epo kankan láyé nígbà yẹn. Ó yà sọ́dọ̀ apòògùn kan ní Wiesloch, ó ra omi tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ, ó dà á sínú ẹ̀rọ. Ibi tí epo ń gbà dí, ó fa abẹ́rẹ́ tó fi di fìlà mọ́rí yọ, ó fi gún un. Wáyà bó, ó tú okùn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó fi wé e. Bíréèkì jẹ tán, ó ní kí oníbàtà kan awọ mọ́ ọn. Wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè, àwọn ọmọ á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa tì í.

Ẹ wá bi mí pé, kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Kò sí. Kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan ló wà lẹ́yìn mọ́tò náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i kó tó jí. Ẹ jẹ́ kí n tún un wí fún àwọn tó wà lẹ́yìn: Benz àkọ́kọ́ láyé kò ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ra kòkó ní Oǹdó, gbé Mẹ̀sí Ọlọ́yẹ́ wálé ní Kérésìmesì ọdún 1978. Ó funfun bí ẹ̀kọ. Àwa ọmọdé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, imú là ń fi sìn ín: a óò tẹ orí wa síbi fèrèsé, a óò máa gbóòórùn awọ. Òórùn awọ náà kò pẹ́ níbẹ̀, nítorí láàárín oṣù kan bàbá ti ń kó àpò kòkó sí bùútù rẹ̀, tí a ń ṣa hóró kòkó nínú bùútù Benz bí adìyẹ. Irú ọkọ̀ yẹn, wọ́n ṣe é láti 1976 di bí 1985, ó lé ní 2,600,000 tí wọ́n tà káàkiri ayé, kò sì kú bọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n fi àjákù aṣọ ànkárá so ó. Kọ́kọ́rọ́ tí bàbá so mọ́ ìdí ṣòkòtò, tó ń gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń gbé sùn, kọ́kọ́rọ́ ilé ìkó-kòkó-sí ni. Ìgbà tí bàbá kú, ìyẹn la kọ́kọ́ wá.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ olóko kòkó yìí, mo ti bá yín ṣàwàdà tó. Kòkó gbówó lórí ní 2024, tọ́ọ̀nù kan ju $10,000 lọ lọ́jà àgbáyé. Inú gbogbo wa dùn. Mo rò pé ẹ ó gbin òmíràn ni, pé ẹ ó fún àwọn igi ògbólógbòó tí bàbá yín gbìn lójú ọ̀nà Ìdànrè ní oògùn. Benz tokunbọ̀ lẹ lọ rà, èyí tí òyìnbó ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, tó wá fi egungun ránṣẹ́ sí yín. Kòkó ti já wálẹ̀ látìgbà yẹn, Benz sì ń béèrè oúnjẹ. Ẹ bọ́ imú àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé imú tuntun sí i, àmọ́ ìdí rẹ̀ ṣì ń wí ọdún tí wọ́n bí i. Tó bá sun oru kan, afẹ́fẹ́ tó gbé e dúró á jò, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹsẹ̀ á rọ̀, á jókòó sórí táyà bí ewúrẹ́ tó lóyún, ẹ óò máa sọ fáráyé pé bó ṣe máa ń sinmi nìyẹn!

Àwọn tó ṣe é sọ pé ẹnu mẹ́ta ara ìràwọ̀ yẹn dúró fún ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́, torí ẹ̀rọ Daimler fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 1909 ni wọ́n ti fi í ṣe àmì wọn, kí Daimler àti Benz tó di ilé iṣẹ́ kan ní 1926. Tiyín náà pé mẹ́ta: ilẹ̀ tí ẹ tà láti fi rà á, omi tó wọ inú wáyà rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó jò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Daimler a sì máa sọ pé, "Èyí tó dára jù lọ, àbí kó má sí." Ẹ̀yin ti mú kan níbẹ̀. Tó bá kan ọ̀rọ̀ epo, "kó má sí" lẹ mú.

Ní Jámánì, ṣé ẹ mọ̀ pé takisí ni wọ́n ń fi Benz ṣe? Láti ayé 260 D, tó ń mu dísẹ́lì, tó jáde ní 1936, ni àwọn awakọ̀ takisí ti ń fi í wá oúnjẹ òòjọ́. Ọkọ̀ tí ẹlòmíì ń wà láti fi san owó ilé ni ìwọ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi nídìí ẹran!

Òde tú ní bí aago mẹ́fà. Òjò ti ń ṣú lápá Ìdànrè. Mo yọ Corolla mi lẹ́bàá gọ́tà, mo ń bọ̀ jẹ́jẹ́ sí ọ̀nà Ọba Adésidà, ni mo rí ẹnì kan tó ká agbádá lọ́wọ́, tó ń na ọwọ́ sí ọlọ́kadà. Ọwọ́ tó nà, nǹkan kan ń dán lórí ìka rẹ̀.

Mo dúró. Èmi náà bẹ̀rù Ọlọ́run. "Ọkọ̀ ńkọ́, àbúrò?"

"Ó wà lọ́dọ̀ rewáyà, Dádì. Láti ọjọ́ kẹta oṣù tó kọjá." Ó wọlé, ó fa ilẹ̀kùn dè. Kó tó di bẹ́líìtì mọ́ra, ó tẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí dáṣìbọ́ọ̀dù mi, ó wò ó, ó fi ìka kan yí i díẹ̀ kí àwọn tó wà níta lè rí ìràwọ̀ náà láti inú gíláàsì.

Mi ò sọ̀rọ̀. A rìn díẹ̀. Kòtò kan wà níwájú, èyí tí mo ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́, tí mo máa ń fi ọwọ́ òsì yà fún. Òun náà rí i. Ó ní, "Dádì, ẹ rọra gba ibẹ̀ yẹn o, kí kọ́kọ́rọ́ má baà já bọ́."

Mi ò yà. Mo wọ inú kòtò náà gbàà.

Ọ̀la ni mẹkáníìkì ní kí n wá gbé e. Ó ní ṣọ́ọ̀kì méjèèjì iwájú ló lọ.