Àgọ́ orí ọkọ̀: àwa tí a ń sùn lóko ló yẹ kó kọ́kọ́ ní in

Tí fídíò àgọ́ orí ọkọ̀ bá ti jáde lórí Facebook, ohun kan náà ni àwọn èèyàn wa máa ń kọ sábẹ́ ẹ̀: "Ìyà ọ̀fẹ́! Ẹni tó nílé, kí ló ń wá lórí mọ́tò?" Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe òyìnbó tó ń gbé e lọ sétí òkun ni nǹkan yìí wúlò fún jù. Àwa tí a ń dá oko kajú ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ni.

Ẹni tó ń ṣe kajú mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí òjò á fi rọ̀ dunlẹ̀, oko ò ṣeé fi sílẹ̀. Ilẹ̀ la ti ń ṣà á, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé abẹ́ igi láàárọ̀ ló ni ín. Olè kì í pẹ́ jí. Nítorí náà à ń sùn lóko. Ibo là ń sùn? Ahéré onípáànù tó ti gba oòrùn sára látàárọ̀, tó wá ń dá a padà fún wa lóru. Tàbí ẹní lórí ilẹ̀. Tàbí ká na àga mọ́tò sẹ́yìn: bí a bá ti wíńdò, ooru, bí a bá ṣí i, ẹ̀fọn.

Àgọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n á ká a pẹlẹbẹ, wọ́n á dè é mọ́ káríà orí ọkọ̀. Tí ẹ bá dúró, ẹ ṣí i, ẹ fa àkàsọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, ó parí. Fóòmù ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ló wà lójú fèrèsé, síìpù la fi ń tì í. Láti ọdún 1958 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Ítálì. Àwọn ará Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà wá fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí igbó tiwọn náà kì í ṣe ibi téèyàn ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sí.

Ilẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ewé gbígbẹ ló kún abẹ́ kajú, paramọ́lẹ̀ á sì dùbúlẹ̀ sáàárín ẹ̀ tẹ́ni kẹ́ni ò ní rí i. Àkeekèé ńkọ́? Ìjàlọ ńkọ́, tí kì í yà fún ẹnikẹ́ni? Àkọ́rọ̀ òjò á dé lóru, àgbàrá á gba abẹ́ ẹní kọjá. Lórí ọkọ̀, gbogbo ìyẹn ń kọjá lábẹ́ yín ni. Àwọn ọdẹ wa kò nílò kí òyìnbó sọ èyí fún wọn. Wọ́n ti ń to igi sórí ẹ̀ka látijọ́, kí wọ́n lè jókòó sókè de ẹran.

Èyí tó wù mí jù nìyí: tí ẹ bá ní píkọ́ọ̀pù, wẹ́dà lè jó irin sókè bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀, kí àgọ́ wà lórí irin, kí àpò kajú wà nísàlẹ̀. Orí ọjà yín lẹ sùn lé. Kí olè tó fa àpò kan jáde, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n lára.

Ọkọ̀ kékeré ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra. Púpọ̀ nínú àwọn àgọ́ yìí wúwo láti kílò 45 dé 90, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ni ìwé ẹ̀ sọ pé ẹrù orí ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi kílò 75 lọ tó bá ń rìn. Tó bá dúró, ó ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìyẹn ni èèyàn méjì fi lè sùn lókè láìséwu. Ẹ má gbé sítóòfù tàbí kóìlì ẹ̀fọn wọnú ẹ̀ o. Tí òjò bá pa á, ẹ sá a kó gbẹ, kó má bàa bu. Ẹ má sì páàkì sábẹ́ igi kajú fúnra ẹ̀, torí àwọn èèrà pupa tó ń kọ́lé sórí ẹ̀ mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀. (Àwọn àgbà tó ń dìde tọ̀ lóru, ẹ dárí jì mí. Àkàsọ̀ yẹn kì í ṣe tiyín.)

Gíga ò lé èèyàn burúkú ṣá. Ẹni tó bá dá páàkì sínú igbó, yálà ní Ìkòyí-Ilé ni o, tàbí lẹ́bàá igbó ọba ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó ń wá wàhálà. Inú abúlé oko ni kẹ́ ẹ ti sùn, kí baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́lé mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.

Owó ẹ̀ lẹ máa fi bú mi. Tuntun ẹ̀ lókè òkun lè ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ, kò sì yẹ kí àgbẹ̀ kankan yáwó nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló wà níbẹ̀ tí ọwọ́ wa ò tó? Irin, tapólì, fóòmù, nẹ́ẹ̀tì, síìpù. Àwọn tó ń rán tapólì tírélà wà lójú títì yìí, wẹ́dà pọ̀ ju ilé epo lọ, LAUTECH sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ń rán tapólì tí kì í jò, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́, ẹ tàgì í síbí. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹni tó máa gba owó iṣẹ́ tán kó pa fóònù o.