Ẹranko ń ṣe àwọn àgbà tíyè wọn ti ra láǹfààní o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìdọ̀tí nìkan ni ẹranko máa kó wọ ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tíyè wọn ti ra, mi ò gbà fún yín. Ní Ìtòkò níbí, ìyá àgbà wa ò mọ orúkọ mi mọ́, ṣùgbọ́n tí ewúrẹ́ bá ti ké lẹ́yìnkùlé, wọ́n á dìde jókòó, wọ́n á máa fi èèpo iṣu bọ́ ọ, wọ́n á máa bá a wí bí ọmọ. Ìgbà yẹn ni àwọn náà máa ń jẹun láìbínú. Ṣebí lọ́dún 1991 ni dókítà Bill Thomas ti kó ajá, ológbò àtẹyẹ wọ ilé àgbà kan ní New York. Kí wọ́n ṣáà fún ẹranko lábẹ́rẹ́ àjẹsára, káwọn àgbà sì fọ ọwọ́ wọn tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án tán. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ajá, kí wọ́n má fipá mú un.