Ẹja Mélòó Ló Gbọ́dọ̀ Kù Ká Tó Gbà Pé Ó Ń Tán?

Lọ́dún 1992, ẹja sockeye kan ṣoṣo ló ti inú òkun padà dé adágún Redfish ní ìpínlẹ̀ Idaho, ní Amẹ́ríkà. Ẹyọ kan! Akọ sì tún ni, kò bá abo kankan níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Lonesome Larry. Wọ́n gba àtọ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e sínú òtútù kó má bàa bàjẹ́. Òkú rẹ̀, wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ ara ògiri.

Sockeye jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹja tí wọ́n ń pè ní sámọ́nì, àwọn tí wọ́n ń ta ẹran ara wọn pupa lówó gọbọi nílùú òyìnbó. Adágún yẹn ni wọ́n ń bí i sí. Á bá odò sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú òkun, á dàgbà síbẹ̀, á sì tún gba ọ̀nà kan náà padà wálé wá yé ẹyin. Ìrìn àbọ̀ yẹn tó 1,450 kìlómítà, adágún náà sì fi nǹkan bí 2,000 mítà ga ju òkun lọ. Ẹja yìí kì í jẹun lójú ọ̀nà o. Ọ̀rá tó ti kó sára látinú òkun ló ń ná títí táá fi délé, nígbà yẹn ara rẹ̀ á ti pupa fòò, orí rẹ̀ á wá ní àwọ̀ ewé. Dáàmù mẹ́jọ ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀: mẹ́rin lórí odò Columbia, mẹ́rin lórí odò Snake.

Àwọn Shoshone-Bannock, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ti ń pa ẹja níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ló kọ̀wé sí ìjọba àpapọ̀ ní 1990 pé kí wọ́n fi òfin 1973 tó wà fún àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun dáàbò bo ẹja yìí kó tó run. Lọ́dún yẹn, ẹyọ kan ò dé adágún.

Ẹ ò rí i pé kò yẹ kí ẹjọ́ yẹn le? Ó le. Wọ́n ti kọ́ dáàmù kan tó ń jẹ́ Sunbeam sórí odò Salmon ní 1910, ó sì dí ẹja lọ́nà títí wọ́n fi fọ́ ọ ní 1934. Làwọn kan bá ní sockeye gidi ti parun látìgbà náà, pé ọmọ kokanee ni èyí tí a ń rí, ìyẹn irú sockeye tí kì í kúrò nínú omi adágún. Ọ̀rọ̀ wá dà bí ìjà ìdílé ọlọ́ba: ta ni ọmọ bíbí, ta ni àlejò? Torí òfin ò dáàbò bo ẹja kan lọ́tọ̀ àyàfi bí ó bá jẹ́ pé òun àti àwọn yòókù kì í pàdé bímọ, tí ohun tó gbé wáyé sì ṣe pàtàkì fún gbogbo ẹ̀yà rẹ̀.

Ìjọba ò rí ẹ̀rí tó dájú. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá 1991, wọ́n gbè sẹ́yìn ẹja, wọ́n ní ó wà nínú ewu ìparun. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Bí wọ́n bá ṣì ṣe, owó àti wàhálà ni wọ́n pàdánù. Bí wọ́n bá dúró de ẹ̀rí tí wọ́n sì pẹ́ jù, kò sí ilé ẹjọ́ tó lè dá ẹja padà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àyẹ̀wò DNA padà gbè wọ́n lẹ́yìn: sockeye àti kokanee ibẹ̀ yàtọ̀ síra. Kódà, ẹni tó bá ń ṣọ́ wọn létí omi lè fura, nítorí odò kékeré Fishhook ni kokanee ń lọ yé ẹyin ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, ṣùgbọ́n etí adágún fúnra rẹ̀ ni sockeye ń yé tirẹ̀ sí, ní oṣù kẹwàá.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn nínú òfin yìí: ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi pinnu bóyá ẹja wà nínú ewu. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tí àwọn dáàmù ń pèsè, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ omi tó ń kó àlìkámà láti ìlú Lewiston ní Idaho, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Mi ò ní kí ebi pa àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà kì í béèrè iye tó wà lápò aláìsàn kó tó sọ irú àìsàn tó ń ṣe é.

Àwọn kan á ní ẹja ti pọ̀ báyìí. Lóòótọ́, ó lé ní 1,500 tó padà ní 2014. Ṣùgbọ́n ẹja tí wọ́n sìn ló pọ̀ jù nínú wọn, èyí tí wọ́n tọ́ láti ara àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, omi odò gbóná, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kú sọ́nà, wọ́n sì ní láti fi ọkọ̀ gbé díẹ̀ nínú àwọn tó kù gba orí ilẹ̀ kọjá. Èmi ò lè ka irú iye bẹ́ẹ̀ sí ìwòsàn. Ìgbà tí ọmọ ẹja tí ẹnikẹ́ni ò sìn bá ń lọ tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún ni ká tó máa sọ̀rọ̀ yíyọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu.