Kí Ilé-Ìwé Tó Bá Lé Ọmọ Tó Ní Ọ́tísíìmù Kọ Ìdí Rẹ̀ Sílẹ̀

Níbi ìkómọ àwọn Yorùbá ní Kubwa tàbí Nyanya, ní Àbújá, ọmọ tí kò kúnlẹ̀, tí kò dọ̀bálẹ̀, tó di etí méjèèjì mú, kì í pẹ́ gba orúkọ burúkú. “Àwọn ọmọ Àbújá yìí! Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni?” Ìyá rẹ̀ á dorí kodò. Kò sẹ́ni tó máa béèrè bóyá ariwo gbohùngbohùn ló ń dùn ún létí.

Ọ́tísíìmù kì í ṣe ìwàkiwà, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Bí ọpọlọ ọmọ tó ní in ṣe dàgbà ló yàtọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fojú bù ú pé ní 2021, ènìyàn kan nínú 127 ló ní in. Ìwé àwọn dókítà òyìnbó ka àìwojú-ẹni mọ́ àmì rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ọmọ tí kì í wo àgbà lójú là ń yìn. Àmì náà á kọjá lójú wa, ó di ọjọ́ tí ọmọ ò bá kíni ká tó rí nǹkan, èébú la ó sì fi rí i.

Ní 2017, Noah Sasson, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi fídíò kúkúrú àwọn tó ní ọ́tísíìmù àti àwọn tí kò ní in han àwọn ènìyàn. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, àwọn òǹwòran ti ń fi hàn pé kò wù wọ́n tó bẹ́ẹ̀ láti bá àwọn tó ní ọ́tísíìmù sọ̀rọ̀. Àmọ́ nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn tó wà nínú fídíò sọ nìkan ni wọ́n fún àwọn ènìyàn kà, láìrí ojú, láìgbọ́ ohùn, ìkórìíra náà pòórá. Ẹ ò rí i pé ojú tiwa náà lẹ́jọ́ í jẹ́.

Ní ilé-ìwé, irú ojú bẹ́ẹ̀ ló ń lé ọmọ sílé. Wọ́n á rọra pe òbí sọ́fíìsì ní àárín sáà: “Ẹ wá ibòmíràn mú un lọ.” Ẹnu lásán ni, kò sí ìwé. Bẹ́ẹ̀, òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Ó tún fi owó ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà lé iléeṣẹ́ tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ìyà, àti 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lé ẹni kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu pe ẹjọ́?

Òótọ́ ni pé kíláàsì kún, pé olùkọ́ kan ò lè ya ara rẹ̀ sí méjì. Kí ìjọba wá fi olùkọ́ kún un. Ìyẹn kò sọ lílé ọmọ di ẹ̀tọ́.

Ohun tí a ń béèrè kò gba owó púpọ̀. Kí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní Àbújá pa á láṣẹ pé ilé-ìwé tó bá fẹ́ yọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí olùdarí buwọ́ lù ú, kí ẹ̀dà kan dé ọwọ́ òbí, kí èkejì dé ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Kí àṣẹ náà kan ti ìjọba àti ti aládàáni, kí ó sì jáde kí sáà tuntun tó wọlé.