Ẹ lé akátá lọ ná

Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìẹ. Kò sẹ́ni tí ò mọ òwe yìí nínú wa, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọmọbìnrin tí wọ́n gbé lọ Líbíà tàbí Ìtálì lọ ṣe aṣẹ́wó tó wá rí ọ̀nà padà wálé, ńṣe la máa ń yí òwe náà kọ, adìẹ, ìyẹn ọmọ náà, la máa kọ́kọ́ dojú kọ, akátá tó gbé e lọ á ti wọgbó lọ, nígbà míì gan-an akátá ọ̀hún ò wọ igbó kankan, àdúgbò wa náà ló ń gbé, a sì ń kí i ẹ káàárọ̀ mà.

Ọmọ kan dé láti Líbíà sí àdúgbò wa nígbà kan. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nílé tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti kún ìdí ẹ̀rọ omi, ẹnì kan ní ṣé ó tiẹ̀ kówó bọ̀ ni, èkejì ní ó mọ̀ọ́mọ̀ lọ ni jàre, ẹ̀kẹta ní òun ò fẹ́ kó sún mọ́ ọmọ òun. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, mi ò sọ nǹkan kan, ó ṣì ń dùn mí dòní. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́nì kan tó béèrè pé ta ló mú un lọ.

Akátá kì í yọ eyín síta tó bá ń bọ̀. Áńtí tẹ́ ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, tàbí mọ̀lẹ́bí, tàbí ọ̀rẹ́ orí Facebook, á ní iṣẹ́ irun dídì wà, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ wà, òun á san gbogbo owó ọ̀nà, tó bá ti ń ṣiṣẹ́ á máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn ẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò. Ẹ bi í pé kí lorúkọ ibi iṣẹ́ náà, ṣé fíísà iṣẹ́ ni, kí ló dé tó ní kẹ́ ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ló dé tó fi jẹ́ pé Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger àti inú aṣálẹ̀ lọ̀nà gbà. Gbèsè tí wọ́n máa gbé ka ọmọ náà lórí lè tó 30,000 yúrò, àwọn míì nínú àwọn ọmọ náà á rò pé bíi ti náírà ni, àfi tí wọ́n bá débẹ̀. Lọ́dún 2016 nìkan, àwọn obìnrin Nàìjíríà tó gba orí òkun wọ Ìtálì tó 11,000, IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí kúrò nílùú wọn, sì sọ pé nínú wọn, bíi 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n kó wọn lọ ṣòwò ni.

Ìbúra tí wọ́n máa ń mú wọn ṣe lọ́dọ̀ babaláwo kí wọ́n tó lọ ló tún ń dè wọ́n ju ṣẹ́ẹ̀nì lọ. Wọ́n á gba irun ara ọmọ náà, èékánná ẹ̀, nígbà míì pátá ẹ̀, wọ́n á ní tó bá sá tàbí tó tú àṣírí, á ya wèrè, á kú. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá ìlú òyìnbó á fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ tí ò ní lanu. Ṣùgbọ́n ní March 9, 2018, Ọba Ewuare Kejì ti ìlú Benin pe àwọn babaláwo ibẹ̀ jọ, ó gégùn-ún fún àwọn tó ń kó ọmọ lọ, ó sì tú gbogbo ìbúra yẹn ká, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù mọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin gbọ́ ọ nílẹ̀ òyìnbó lọ́hùn-ún, àwọn míì ò sanwó mọ́ fún mádáàmù, ìyẹn obìnrin tó kó wọn lọ tó ń gba gbèsè lọ́wọ́ wọn. Ọdún yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ Birmingham sọ nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù sẹ́wọ̀n torí ó fi ìbúra de àwọn obìnrin Nàìjíríà, ó sì kó wọn lọ Jámánì. Ìyẹn là ń pè ní lílé akátá.

Àwa náà ò jókòó tẹtẹrẹ. Ìyáàfin Títí Abúbakar, ìyàwó Atiku, ọmọ Iléṣà, fojú ara ẹ̀ rí àwọn ọmọ wa lójú títì Róòmù, ló bá dá WOTCLEF, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti kíkó èèyàn lọ ṣòwò, sílẹ̀ ní 1999, ìjà wọn wà lára ohun tó bí òfin 2003 tó ka ìwà náà léèwọ̀ àti NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun tì í. Òfin tí wọ́n tún ṣe ní 2015 ò sì fẹ́ kí wọ́n ti ẹni tí wọ́n kó lọ mọ́lé torí ohun tí wọ́n fipá mú un ṣe. Ẹ fi nọ́ńbà 627 sínú fóònù yín, NAPTIP ló ni ín.

Adìẹ wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìbáwí ni "fàbọ̀ bá adìẹ" túmọ̀ sí. Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí mọ̀ pé tí akátá bá ti lọ, èèyàn á kọ́kọ́ gbé e yẹ̀ wò ni, ṣé apá ẹ̀ ò dá, ṣé ẹ̀jẹ̀ ò jáde, á gbé e wọ àgò. Tí ìbáwí bá máa wà, ó dẹ̀yìn ìyẹn. Adìẹ tẹ́ ẹ bá tún sọ òkò lù nínú ọgbà, inú igbó yẹn náà ló máa sá padà sí, bó ṣe ń rí nìyẹn, àwọn kan padà dé tí wọ́n tún lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ilé ààbò NAPTIP, ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n sábà máa ń lò níbẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á fún un ní ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n á ya fọ́tò, kò ní owó ṣọ́ọ̀bù, kò ní owó iná, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà á ti ta ẹ̀rọ náà jẹun. Ẹ bá a san rẹ́ǹtì ọdún kan kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ. Ẹ bá a lọ ọsibítù, kẹ́ ẹ má wọlé tì í lọ́dọ̀ dókítà àfi tó bá ní kẹ́ ẹ wá. Tí ò bá rí oorun sùn lóru, tó ń pariwo lójú àlá, kì í ṣe ẹ̀mí èṣù, ohun tójú ẹ̀ rí ni, ẹ wá ẹni tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀ kó máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e síwájú ìjọ kó wá jẹ́rìí. Tí mádáàmù bá sì ń pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù nítorí gbèsè, ẹ má sanwó kankan, ẹ gba nọ́ńbà náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e fún NAPTIP.

Ọmọ àdúgbò wa yẹn, ìyá ìyá ẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Lọ́jọ́ kejì, màmá àgbà gbé kẹ́ẹ̀gì, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó mú un wá sídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀ tí gbogbo wa pé síbẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi ti dé o, ẹ bá mi kí i káàbọ̀." Gbogbo ẹnu dákẹ́. Ìyá tó ní kó má sún mọ́ ọmọ òun ló kọ́kọ́ kí i. Èmi náà kí i, mo sì bá a gbé kẹ́ẹ̀gì ẹ̀ délé.