Èdè Yorùbá ni àhesọ fi wọ̀lú, Yorùbá ni kí wọ́n fi dá a lóhùn

Ẹ ní kí àgbàlagbà kan ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí àpá roboto kan lápá rẹ̀, tí awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, tó ń dán. Àpá abẹ́rẹ́ ṣànpọ̀nná ni. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi lé àrùn náà títí wọ́n fi kéde lọ́dún 1980 pé kò sí mọ́ láyé. Kì í ṣe àná ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ọ̀dọ̀ wa.

Síbẹ̀, nígbà tí ti kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ọ̀pọ̀ wa ló sá fún un. Wọ́n ní á sọ obìnrin di àgàn. Wọ́n ní ẹni tó bá gbà á kò ní lò ju ọdún méjì lọ. Ọdún méjì ti kọjá tipẹ́, àwọn tó gbà á ṣì ń lọ sóko, aboyún ṣì ń bímọ.

A ò bá ẹni tó bẹ̀rù wí. Yorùbá tó dán mọ́rán ni wọ́n fi sọ àhesọ náà lórí WhatsApp. Èdè Faransé ló kún inú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí ìyá tó ń ta gàrí bá béèrè pé, "Ṣé ibà tó ń tẹ̀lé abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe àrùn náà gan-an ni wọ́n fi sí wa lára?", ìbéèrè gidi ló bi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ìdáhùn rẹ̀ ò gùn: ara ló ń kọ́ bí yóò ṣe dá àrùn náà mọ̀, ibà àti ìrora apá náà kì í sábà ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Kí wọ́n má sì fi pamọ́ fún un pé ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ṣì lè kó kòrónà, àmọ́ kì í sábà le débi ikú.

Èrò wa ni pé kí á gbà á, pàápàá àgbàlagbà àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwa àti Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà jọ ń ná ọjà ni, àrùn kì í sì í béèrè ìwé ìrìnnà ní bodè.

Àrùn tuntun mìíràn lè dé nígbàkigbà. Mpox, àrùn kan tó ń sú síni lára, ni wọ́n kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024 pé ó ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé. Kí àpótí abẹ́rẹ́ tó dé ọjà Kétu, a fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ìlera kọ́kọ́ rán nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá wá, kí ó jókòó ti ìyálọ́jà, lémọ́ọ̀mù, pásítọ̀ àti babaláwo, kí ó sì má dìde títí ìbéèrè yóò fi tán.